Dátà Òru

Ó di ìgbà tí àwọn onítírélà bá sùn ní Ògèrè
kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó rántí pé èmi náà sanwó.
Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń pe ìyàwó ní Kánò,
tí wọ́n ń pe ọ̀gá ní Àpápá,
tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọkọ̀ tí kò tíì tutù.
Òpó kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn gáréèjì, òun ni kànga wa.
Ta ni yóò rí omi fà
níbi tí ẹgbẹ̀rún garawa ti ń kọlu ara wọn?

Nítorí náà, mo ń dúró.
Aago méjìlá òru níbí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Nàgóyà.
Ọwọ́ Olúgbuyì ni mo ti ń ra dátà òru,
ọmọ tó máa ń wojú mi tì: "Bàbá Jàpáàn,
kí lẹ fẹ́ fi jíìgì méjì ṣe lọ́gànjọ́?
Ṣé kì í ṣe ìwòkuwò?"
Ojú ọjọ́ ni mo ń wò, ọmọ mi.
Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀
ní ilẹ̀ tí n kò sá aṣọ kankan sí mọ́.

Mo rẹ àwòrán sílẹ̀ títí dé mẹ́rìnlélógóje.
Ojú obìnrin tó ń ka ìròyìn di táìsì mẹ́fà péré.
Kò nímú. Ẹnu rẹ̀ ń lọ níwájú, ohùn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn
bí àgbà tó ń tọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sọ́jà.
Ó wí nǹkan nípa kùrukùru.
Ó wí nǹkan nípa ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Òrùka kékeré yẹn sì dé,
ó ń pòòyì, ó ń pòòyì
bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn.
Èdè náà ti ń ṣí kúrò lẹ́nu mi bí ọ̀dà ògiri:
n kò rí ẹni fi í bú,
n kò rí ẹni fi í bẹ̀.
Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń kí mi pé "ẹ káàárọ̀"
nígbà tí gbogbo Rẹ́mọ ń wí pé "ó dàárọ̀".

Lánàá, àwòrán ṣí. Ilé ìdáná kan.
Ìyá arúgbó kan bó iṣu, ó ń rin ín.
Ewùrà wa ni! Mo fò dìde.
"Fẹhíntọlá! Wá wo ìkọ́kọrẹ́ ní Jàpáàn!"
Ó jáde tòun ti ìró àyà, ó fojú oorun wò ó.
"Ẹja dà? Epo dà?"
Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá náà dúró sí.
A jókòó, àwa méjèèjì,
à ń wo ọwọ́ tí kò lọ, tí kò bọ̀.

Mo mọ èyí tó kù.
Yóò dà á ní tútù sórí ìrẹsì gbígbóná,
iná kò ní fojú kàn án.
Bẹ́ẹ̀ ni ìyá onílé mi ṣe máa ń ṣe é,
Màmá Fumíè, tó máa ń kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ Sọ́ńdè.
Lọ́jọ́ tí mo gún ata rodo sí i,
ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó bu òmíràn.
Mo fẹ́ sọ èyí fún Fẹhíntọlá,
ìdajì rẹ̀ ni mo rí sọ.
"Tútù?" ló wí. "Á yún wọn lọ́fun."
Ó padà lọ sùn.

N kò mọ̀ bóyá Fumíè ṣì wà láyé.
Tẹlifíṣọ̀n kì í sọ irú ìyẹn. Òjò ló ń sọ.

Mẹ́séèjì wọlé: dátà yín ti tán.
Lójú títì, tírélà àkọ́kọ́ ń húkọ́ kó tó ta jí.
Mo gbé fóònù sórí tábìlì.
Ìyá náà ṣì wà níbẹ̀, iṣu lọ́wọ́,
n kò sì lè pa á.
Mo fi í sílẹ̀ fún bátìrì.